Kí A Tó Da Sìmẹ́ńtì Sójú Àgbàlá

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn onílé àti àwọn másọ̀n sọ ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin másọ̀n ẹgbẹ́ mi. Ẹ kú ooru náà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà inú àgbàlá àti tẹ́ráàsì, ibi tí èèyàn ń gbé àga sí níta láti gba atẹ́gùn lẹ́yìn oúnjẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń retí kí n fa àwòrán páfé, òkúta kọnkéré tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ ìta, yọ lápò, èyí pupa, èyí aláwọ̀ eérú, èyí tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Ẹ máa fi sùúrù bá mi lọ. Àwọ̀ páfé la óò yàn kẹ́yìn, kò sì ní gbà wá lákòókò.

Ohun tí mo bá wá nìyí: ẹ yé da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é láti Kétu títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹni tó bá rówó díẹ̀, bó bá ti kun ilé tán, másọ̀n ló kàn: "Bá mi da gbogbo ẹ̀, láti ògiri dé ògiri, kí ilé lè mọ́." Ó máa ń mọ́ lóòótọ́. Tí òjò ọdún kejì bá dé ni ẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é yé mi. Ilẹ̀ wa pupa. Nígbà ọyẹ́, eruku rẹ̀ á bá wa dórí ibùsùn. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ lé bàtà wọ pálọ̀. Ìgbálẹ̀ àràárọ̀ tún ń bẹ ńbẹ̀. Ẹ lọ wo ilé àtijọ́ èyíkéyìí nílùú yìí, ẹ óò rí i pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta, àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ sì ti ga ju ibi tí àgbàlagbà lè gbé ẹsẹ̀ dé láìdi nǹkan mú. Ilé kọ́ ló ga sí i. Ìgbálẹ̀ ló ń gbá ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, àgbàrá ń bá a kó o, ọdún ń gorí ọdún. Nítorí náà, ẹni tó lóun fẹ́ bo ilẹ̀ kò ṣẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, èló nínú rẹ̀ ni ká bò, níbo sì ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àgbàlá tó jẹ́ mítà 10 lọ́nà méjèèjì, mítà 100 onígun mẹ́rin nìyẹn. Bí òjò bá rọ mìlímítà kan péré, lítà omi kan ló bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Òjò ńlá kan ní ilẹ̀ wa lè rọ mìlímítà 50 kó tó dá. Lítà 5,000 nìyẹn, ìyẹn àgbá onílítà 200 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, a ò sì tíì ka èyí tó ń ti orí páànù dà sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí igi àti koríko wà, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì, bóyá la fi lè rí èyí tó wọlẹ̀. Níbo ló ń lọ? Ó ń lọ sí ẹnu géètì, sí àgbàlá ẹni tó múlé gbè wá, tàbí sí yàrá ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Onílé tó da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá ti gbà fún un nìyẹn, ó tún la ọ̀nà fún un.

Ooru ńkọ́? Sìmẹ́ńtì ń gba oòrùn sára látàárọ̀, alẹ́ ló ń tú u sílẹ̀, lásìkò tí ẹ fẹ́ sùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, kó lọ sí Jardin des Plantes et de la Nature ní Àjàṣẹ́, igbó ọba tẹ́lẹ̀ tí àwọn Faransé sọ di ọgbà ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Kó dúró lábẹ́ àwọn igi ńlá ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn náà kó jáde sí títì. Mi ò ní fi kún un.

Ó dáa. Báwo la ṣe máa ṣe é? Ẹsẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ jókòó síta kí ẹ máa wo bí àwọn ará ilé ṣe ń rìn: láti géètì sí ẹnu ọ̀nà, láti ìdáná sí ẹnu kànga, láti pálọ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, sí ibi okùn aṣọ. Ibi tí koríko kò hù mọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ọ̀nà ti wà níbẹ̀ kí másọ̀n tó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ bu eérú nídìí àdògán, ẹ fi fa ìlà etí ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí òjò bá pa á rẹ́, ẹ tún un fà. Bí ọmọ bá ń gé kọ́nà gba inú ewébẹ̀ kọjá, ẹ má nà án. Ìlà yín ni kò dáa. Eérú kò ná wa ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti da sìmẹ́ńtì tán, òòlù la fi ń tún èrò pa.

Àwọn kan fẹ́ràn ọ̀nà tó ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ láìnídìí nítorí pé wọ́n rí i nínú fóònù. Ọ̀nà gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa yà fún: igi, ẹnu kànga, ojúbọ, igun ìdáná. Bí kò bá sí nǹkan kan lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó lọ tààrà, torí pé tààrà náà làwọn ọmọ máa tọ̀. Ti ẹnu géètì nìkan ni mo yà sọ́tọ̀. Kétu la wà. Gbogbo wa la mọ Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Nígbà tí odi àti yàrà ṣì yí ìlú ká, ẹnu ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó rí inú ìlú. Ilé náà ń fẹ́ irú rẹ̀ níwọ̀nba. Bí ọ̀nà bá yà díẹ̀ lẹ́yìn géètì, tí pèrègún díẹ̀ sì wà níbi tó ti yà, ẹni tó ń kọjá ní títì kò ní máa ka iye ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ yín.

Fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Sẹ̀ǹtímítà 60 tó fún ẹnì kan tó ń lọ lọ́wọ́ òfìfo, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ru omi, tàbí tó ń ti kẹ̀kẹ́ yanrìn, á fẹ́ 90, alùpùpù náà á sì gbà á kọjá. Ọ̀nà géètì, ẹ jẹ́ kó tó 120, kí èèyàn méjì lè máa sọ̀rọ̀ lọ láìsí pé ọ̀kan ń tẹ̀ lé ìkejì lẹ́yìn. Àtẹ̀gùn tí ìgbálẹ̀ ti sọ di òkè, ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: gíga 15, àyè ìtẹ́sẹ̀ 35. Másọ̀n á máa fẹ́ ṣe 20 ní gíga kó lè tètè parí. Ẹ má gbà fún un. Orúnkún ìyá wa ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, omi ló kù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí. Ohunkóhun tí ẹ bá tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gbọ́dọ̀ dà sẹ́yìn kúrò lára ilé: sẹ̀ǹtímítà méjì nínú mítà kan. Tẹ́ráàsì tó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, etí rẹ̀ lọ́hùn-ún á fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà rẹlẹ̀ ju ti ara ògiri lọ. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n omi á rí i. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, torí ilẹ̀ tó bá dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé máa ń tan ojú jẹ. Ẹ gba rọ́bà gígùn tí a lè rí omi nínú rẹ̀, ẹ bu omi kún un láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, kí ẹnì kan di orí kan mú lára ògiri, kí ẹlòmíràn gbé ìkejì lọ sí èèkàn ìparí. Ibi tí omi dúró sí lọ́tùn-ún ló dúró sí lósì. Ẹ sàmì síbẹ̀, ẹ wá fi mẹ́fà sọ̀kalẹ̀ lára èèkàn, kí ẹ ta okùn. Gbogbo iṣẹ́ yòókù, okùn yẹn ni yóò máa tẹ̀ lé.

Ojú tẹ́ráàsì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú yàrá lọ. Mo mọ̀ pé ó wu ọ̀pọ̀ kó dọ́gba, kéèyàn kàn yọ lẹ́sẹ̀ kan bọ́ síta. Ṣùgbọ́n òjò tó bá ń ta pàrà lórí páfé á máa lu ẹsẹ̀ ògiri, ikán náà á sì rí ibi fara pamọ́ gun igi ilẹ̀kùn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀: gbogbo ẹsẹ̀ ògiri tó ń pọ́n ní ìlú yìí, omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló ń ta erùpẹ̀ sí i. Ẹ má tẹ́ páfé síbẹ̀. Ẹ gbẹ́ yàrà kékeré tó fẹ̀ tó 50, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Omi á já sáàárín òkúta, kò ní ta. Bí àgbá bá wà tí ẹ fi ń gbe omi, ẹ gbé e sórí òkúta náà, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ.

Omi tó bá kúrò lórí tẹ́ráàsì, ẹ rán an lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí sí kòtò tí a kó òkúta kún, tó jìnnà tó mítà márùn-ún sí ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ má darí rẹ̀ sínú kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láé. Ẹ má sì tẹ́ nǹkan bo ọmọrí kòtò náà mọ́lẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n máa fà á ń bọ̀.

Ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri. Ilẹ̀ pupa wa níbí rọrùn, ó ń mu omi, ó sì ń le bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà Pobè, sí ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, amọ̀ dúdú lẹ máa bá. Ẹ̀ẹ̀rùn, ó là gbàgà. Òjò dé, ó wú. Tẹ́ráàsì tí a dà ní odindi lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á gbé sókè, á sọ̀kalẹ̀, á pín sí méjì. Níbẹ̀, páfé tó dúró lọ́kọ̀ọ̀kan ló dáa, ìpìlẹ̀ rẹ̀ á sì nípọn ju ti ibí lọ. Àwọn ará Ṣábẹ̀ ní tiwọn ń gbé láàárín àpáta. Òkúta ni kí wọ́n máa fi tẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n fi owó páfé sápò. Ní Àjàṣẹ́, lápá ibi tó rẹlẹ̀ sí ọ̀sà, omi ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ nígbà òjò, nítorí náà ẹ gbé ọ̀nà ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ.

Tẹ́ráàsì. Apá wo nínú ilé ló yẹ kó wà? Ọwọ́ alẹ́ la ń jókòó síta, nítorí náà ìhà ìlà oòrùn ló dáa, ibi tí òjìji ilé ti ń bo ilẹ̀ láti ọ̀sán lọ. Ẹni tó bá gbé e sí ìwọ̀ oòrùn yóò máa ti orí àga sá wọ ilé ní agogo mẹ́rin. Ìhà àríwá náà kì í ṣe òjìji ní gbogbo ìgbà bí àwọn kan ṣe rò: láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán wa, lápá ibẹ̀ ló máa ń wà. Ìṣòro ìlà oòrùn kan ṣoṣo ni pé ibẹ̀ náà ni ìjì tó ń gbé òjò ńlá wá ti ń jà. Ẹ na òrùlé síta tó mítà kan lápá ibẹ̀, kí ẹ sì gbà pé àga á tutù nígbà míì.

Ní ti títóbi, ẹ gbé tábìlì àti àga yín síta, kí àwọn èèyàn jókòó, kí wọ́n ti àga sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ dìde, kí ẹ wá fi eérú yí wọn po. Tábìlì ẹni mẹ́rin kì í fẹ́ dín sí mítà mẹ́ta lọ́nà méjèèjì. Ti ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ á fẹ́ mẹ́rin. "Ọjọ́ ìnáwó ńkọ́?" Mo ti ń gbọ́ ọ lójú yín. Ẹ má fi ìkómọ ọjọ́ kan wọn tẹ́ráàsì ọdún gbogbo. Lọ́jọ́ ìnáwó, a óò ta báàṣì, ìyẹn àtíbàbà, sórí ilẹ̀, a óò tẹ́ ẹní. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ti Kétu jáde, tí ayé ń wá wò, ojú ọjà lórí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ti ń jó o.

Ẹ̀yin másọ̀n, iṣẹ́ wa kàn. Fún ọ̀nà ẹsẹ̀, páfé tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ti tó. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó 20 sí 25, kí ẹ kó yangí sí i. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìpele méjì ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ wọ́n omi sí ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lù ú. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀: ẹ bu díẹ̀, ẹ fún un lọ́wọ́, bó bá dì láìkán, ó tó. Ẹ kọ́kọ́ mọ etí méjèèjì pẹ̀lú kọnkéré, torí páfé tí kò ní etí á máa sún kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí àárín á fi jìn. Ẹ tẹ́ ọ̀pá irin méjì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sórí yangí, ẹ da yanrìn sáàárín wọn, ẹ fa pákó gígùn lórí ọ̀pá méjèèjì wá sọ́dọ̀ ara yín. Yanrìn á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ yọ ọ̀pá, ẹ fi yanrìn dí ipa wọn, láti ìgbà náà lọ kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Orí páfé tí ẹ ti tò ni kí ẹ dúró lé láti máa to èyí tó kàn, kí ẹ máa lọ síwájú. Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ lù ú wọlẹ̀ pẹ̀lú pákó lábẹ́ òòlù, ẹ da yanrìn gbígbẹ wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a sínú àlàfo. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ padà wá kún un. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo. Àlàfo yẹn lomi ń gbà wọlẹ̀, nítorí rẹ̀ náà ni ẹ fi lè ṣí páfé lọ́jọ́ tí ọ̀pá omi bá bẹ́ nísàlẹ̀, kí ẹ sì tún un tò láìra òmíràn.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn tó tẹ Kétu dó ti wá, wọ́n hú ilẹ̀ kan àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, ó ti lé ní 600 ọdún. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí másọ̀n wò níbẹ̀ ni pé wọn kò fi àpáàdì lélẹ̀ pẹlẹbẹ. Wọ́n nà á ró ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n tò ó mọ́ra, òmíràn ní ìlà, òmíràn bí egungun ẹja, wọ́n tún fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ há àárín wọn. Àpáàdì tó sùn á fọ́ lábẹ́ gìgísẹ̀. Èyí tó dúró kò ṣeé mì. Ìtò eléegun ẹja yẹn náà ló dáa jù fún páfé ibi tí ọkọ̀ ń tẹ̀ títí dòní, torí bí táyà bá ti ti ọ̀kan, àwọn yòókù á gbà á mú. Ìkòkò tó bá fọ́ nínú ilé yín, ẹ má jù ú nù o.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ gbin nǹkan kúkúrú. Koríko ọba dáa. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di erùpẹ̀ mú, ewé rẹ̀ ń wọ inú ife tíì. Èfìrín nítòsí tẹ́ráàsì, kí ọwọ́ ìyàwó ilé lè tó o. Ẹ má gbin igbó dídí mọ́ etí ọ̀nà tí ẹ ń gbà lóru, nítorí ejò. Tẹ́ráàsì kò sì gbọdọ̀ sí lábẹ́ àgbọn. Mi ò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin másọ̀n kan ní kí ni kí ẹni tó ní ọkọ̀ ṣe. Mo ní kó lo páfé onísẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, tàbí kó da kọnkéré sí ipa táyà méjèèjì nìkan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fífẹ̀ 60, kí koríko wà láàárín. Kí kọnkéré náà nípọn tó 12, kó gé e ní mítà mẹ́ta mẹ́ta kó má baà là fúnra rẹ̀, kó sì máa bu omi sí i fún ọjọ́ méje.

Ìkejì, ìyá kan dìde, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi ti da tèmi láti ògiri dé ògiri, kí ni kí n wá ṣe?" Mo ní: Ẹ má fọ́ gbogbo rẹ̀, mà á. Ẹ fọ́ abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ní fífẹ̀ 50, ẹ fọ́ etí ògiri géètì, ẹ sì fọ́ ìdí igi káàkiri tó mítà kan, kí igi lè rí omi mu. Àfọ́kù tó bá ṣì tóbi tó ìtẹ́sẹ̀, ẹ tò ó gba àárín ewébẹ̀ kọjá sí ẹnu kànga. Àárín ọ̀kan sí àárín ìkejì kó jẹ́ 60, tàbí 55 nítorí ẹsẹ̀ tiyín. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, kó má gbá yín lẹ́sẹ̀. Ìyá béèrè èwo ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí máńgòrò ni, mà á, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.